"Ìwádìí fi hàn pé": kí ló yẹ kí a béèrè kí a tó gba ìwádìí tí a ti tẹ̀ jáde gbọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, ṣàlàyé pé èsì ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ló fa ìpinnu náà, pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tó lè gbọ́ ìkéde yẹn kó má rántí ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe nílùú yìí kan náà láti ọdún 1970, tí èsì rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó sọ òdìkejì ohun tí mínísítà sọ.

Bí àwọn kan ṣe ń wí pé ìwádìí fi hàn pé èdè abínibí ló dára jù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń wí pé ìwádìí fi hàn pé òun ló ń ba ìdánwò ọmọ jẹ́. Gbólóhùn yìí kan náà ni nọ́ọ̀sì ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí ọ̀nà ìtọ́jú padà, òun náà sì ni oníṣòwò ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ yá a lówó. Àlàyé yìí dá lórí iṣẹ́ tó yẹ kó wà lábẹ́ gbólóhùn náà: bí a ṣe ń gbé ìwádìí tí a ti tẹ̀ jáde yẹ̀ wò nínú ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn, ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ òwò, ohun tó ń fa àìgbọ́ra-ẹni-yé níbẹ̀, àti ibi tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti yapa.

Ṣé àyẹ̀wò tí jọ́nà ń ṣe kò tó ni?

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀. Èkínní ni àyẹ̀wò akẹgbẹ́. Bí olùwádìí bá fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí sí, olóòtú yóò gbé e fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ bóyá ó yẹ ní títẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àṣà yìí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lóòótọ́, ọdún 1665 ni jọ́nà ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1973 ni jọ́nà Nature tó lókìkí káàkiri ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àyẹ̀wò akẹgbẹ́ di dandan fún ìwádìí tó bá fẹ́ tẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí kì í sábà gba owó, kì í sì í sábà rí ìwé tí wọ́n fi gba ìdáhùn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ ló ń kà. Ó lè mọ̀ bí ìṣirò kò bá lọ déédéé tàbí bí ọ̀rọ̀ ìparí bá ju ẹ̀rí lọ, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó sínú yàrá rẹ̀ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kún igba fọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí àyẹ̀wò akẹgbẹ́ má rí i.

Èkejì ni àgbéyẹ̀wò ìwádìí, èyí tó ń wáyé lẹ́yìn tí ìwádìí ti jáde. Níbí, gbogbo ohun tí a ti tẹ̀ lórí ìbéèrè kan ni a ń kó jọ wò, kí a lè mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, ibi tí wọ́n ti tako ara wọn, àti ìdí tí wọ́n fi tako ara wọn. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tàbí ní Yunifásítì Iléṣà mọ̀ sí orí kejì pírọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ti ka orí kejì mélòó kan yóò ti mọ bó ṣe máa ń rí. Lágbájá (2015) ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń mú kí òṣìṣẹ́ já fáfá. Tẹ̀mẹ̀dù (2017) náà sọ bẹ́ẹ̀. Làkáṣègbè (2019) gbà pẹ̀lú wọn. Ọgbọ̀n ojú ìwé lè kún fún irú èyí láìsí ibì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ pé òṣìṣẹ́ 20 péré ni Lágbájá bá sọ̀rọ̀, pé báǹkì ni Tẹ̀mẹ̀dù ti ṣe tirẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé lé lórí, àti pé Làkáṣègbè kò wádìí nǹkan kan rárá, ọ̀rọ̀ àwọn méjì ìṣáájú ló tún sọ. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni òǹkàwé rò pé òun rí, ṣùgbọ́n ẹyọ kan àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìtòjọ nìyẹn. Àgbéyẹ̀wò ni iṣẹ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé ìtòjọ náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe.

Kí ló mú àgbéyẹ̀wò elétò yàtọ̀?

Nínú àgbéyẹ̀wò lásán, òǹkọ̀wé ló ń yan ìwádìí tó wù ú, kò sì sí ẹni tó lè mọ èyí tó fi sílẹ̀. Wọ́n gbé àgbéyẹ̀wò elétò kalẹ̀ láti dí ihò yìí. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ àká ìwádìí tó wọ̀ (ibi tí wọ́n kó ìwádìí jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ọ̀rọ̀ tó fi wá nǹkan nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tó wá a. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ ṣa ìwádìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fi àṣàyàn wọn wé ara. Bí wọ́n bá sì yọ ìwádìí kan kúrò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Bí àwọn ìwádìí tó kù bá jọra tó, a lè pa èsì wọn pọ̀ nípa ìṣirò, kí èyí tó wádìí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè tẹ̀wọ̀n ju èyí tó wádìí ogún lọ. Ìṣirò yìí ni wọ́n ń pè ní meta-analysis.

Àwọn oníṣègùn ló ṣáájú. Ọdún 1993 ni wọ́n dá àjọ Cochrane sílẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ dókítà Archie Cochrane sọ. Ọdún 2000 ni àjọ Campbell bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà lórí ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé àwùjọ. Àwọn onímọ̀ òwò ló dé kẹ́yìn: ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Tranfield, Denyer àti Smart, tẹ àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé jáde lórí bí a ṣe lè mú ètò yìí wọ inú ìmọ̀ ìṣàkóso. Ní báyìí, ìlànà PRISMA, tí wọ́n gbé jáde ní 2009 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2020, to ohun 27 sílẹ̀ tí àgbéyẹ̀wò elétò gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo onímọ̀ ló gba ètò yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ nọ́ọ̀sì kan sọ pé ètò tó fẹ́ràn iye àti ìwọ̀n kò lè gbọ́ ohùn aláìsàn tó ń bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ, tàbí ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nítorí èyí ni àjọ JBI, tó bẹ̀rẹ̀ ní Adelaide lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà ní 1996, fi ń gba ìwádìí tó jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ inú àgbéyẹ̀wò. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn náà jù, ojúsàájú tí a lé jáde yóò gba ibẹ̀ padà wọlé.

Ohun kan wà tó kàn wá ju ti àwọn ará òkèèrè lọ. Àwọn àká ìwádìí tí olùyẹ̀wò máa ń wọ̀, CINAHL fún nọ́ọ̀sì, ERIC fún ẹ̀kọ́, Business Source fún òwò, ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Àká African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ń gbìyànjú láti dí àlàfo yìí, àmọ́ ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ lè parí àgbéyẹ̀wò lórí "ilẹ̀ Áfíríkà" láìka iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ Áfíríkà tẹ̀ sílé.

Káàdì ìwọ̀n ọmọ tó ti Iléṣà lọ káyé ńkọ́?

Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tó ti di apá kan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn, wọ́n ń wọn wọ́n lóṣooṣù, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kíníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló ń darí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti káàdì tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìlera, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Ìyá tó bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ káàdì náà dáadáa. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kílò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì sì gùn bí ọ̀nà láti apá òsì lọ sókè lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì á so ọmọ kọ́ sórí ìwọ̀n, á ka kílò, á sì fi bírò to àmì kékeré kan sí ibi tí oṣù àti kílò ti pàdé. Bí àmì bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ọmọ wà lójú ọ̀nà. Bó bá dúró sójú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nọ́ọ̀sì á bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé, ilé ló ń wà, èyí sì jẹ́ ohun tuntun nígbà náà, torí ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń kó ìwé aláìsàn pa mọ́ sí tẹ́lẹ̀. Láti ìhà Ìjẹ̀ṣà ni èrò yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní 1999, wọ́n tẹ àgbéyẹ̀wò elétò kan jáde lábẹ́ Cochrane, tó bi ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wíwọn ọmọ déédéé àti títo ìwọ̀n náà sórí káàdì, òun nìkan, ń mú ìlera ọmọ sunwọ̀n sí i? Lẹ́yìn gbogbo ìwákiri, ìwádìí méjì péré ló yẹ ní kíkà. Èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà fi àwọn ọmọ tí wọ́n ń to ìwọ̀n wọn wé àwọn tí wọn kò to tiwọn, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe dàgbà. Èyí tí wọ́n ṣe ní Lesotho rí i pé ìmọ̀ àwọn ìyá lékún nígbà tí wọ́n fi ìmọ̀ràn kún un.

Ibí yìí ni àṣìkà ti máa ń wọlé. Àwọn kan gbọ́ èsì yìí, wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé káàdì kò wúlò. Àgbéyẹ̀wò náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀rí tó wà kéré jù láti fi sọ pé ó wúlò. Ẹni tó wá ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé méjì tí kò sì rí i kò lè sọ pé ewúrẹ́ náà ti kú. Ìbéèrè mìíràn sì tún wà lẹ́yìn èyí: àmì orí káàdì kì í bọ́ ọmọ. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ìlà ti dúró, tí kò sì sí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ìmọ̀ràn tó lè fún ìyá, ìwọ̀n kò ní nǹkan kan láti yí padà. Ní ti àwọn tó ń gbè sẹ́yìn káàdì, wọ́n ní kò bójú mu láti ya ìwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú tó yí i ká, torí pé apá kan ni nínú gbogbo iṣẹ́ kíníìkì náà. Àwọn tó ṣe àgbéyẹ̀wò ní iṣẹ́ àwọn gan-an nìyẹn: láti mọ apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àkókò tí nọ́ọ̀sì ń lò nídìí ìwọ̀n jẹ́ àkókò tí kò lò fún nǹkan mìíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé bí aláìsàn bá pọ̀ jù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ikú ń pọ̀ sí i?

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí èyí jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002. Linda Aiken àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti aláìsàn 232,342 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n rí i pé bí a bá fi aláìsàn kan kún ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ewu kí aláìsàn kú láàárín 30 ọjọ́ ń fi nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún lékún. Ní 2014, wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, ilé ìwòsàn 300, aláìsàn 422,730, iye kan náà ló sì jáde.

Ẹni tó ń gbé e yẹ̀ wò yóò kọ́kọ́ wo iye náà dáadáa. Ìdá 7 yìí kò túmọ̀ sí pé ènìyàn 7 ń kú nínú 100. Ká ní 20 ló ń kú nínú 1,000 tẹ́lẹ̀, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ti 20 yẹn jẹ́ ẹyọ kan àti díẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan bí 21 ni yóò kú nínú 1,000. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹbí ẹni kọkànlélógún kò ní pè é ní kékeré. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ló fa ìyàtọ̀, àbí owó: ilé ìwòsàn tó ní nọ́ọ̀sì púpọ̀ lè ní ẹ̀rọ tó dára jù pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí gbìyànjú láti yọ èyí kúrò nípa ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ìbò, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké, pín aláìsàn sí ilé ìwòsàn. Pé èsì náà tún ara rẹ̀ sọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mú kó ṣòro láti sọ pé ó ṣèèṣì ni. Bóyá iye náà yóò rí bákan náà ní wọ́ọ̀dù tí ìyá, àbúrò àti ọmọ aláìsàn jọ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ ọ tí wọ́n sì ń yí i sí ẹ̀gbẹ́, ìwádìí ti Pennsylvania kò lè dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lábẹ́ àríyànjiyàn oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ kí àjọ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó. Ẹni tó fara mọ́ òfin náà lè tọ́ka sí ìwádìí Aiken pé nọ́ọ̀sì tó bá lọ ń fi ewu sílẹ̀. Ẹni tó takò ó lè tọ́ka sí ìwádìí yẹn kan náà pé iṣẹ́ àṣejù lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀ ló ń lé nọ́ọ̀sì lọ, torí ìwádìí náà tún rí i pé ibi tí aláìsàn ti pọ̀ jù ni iṣẹ́ ti ń sú nọ́ọ̀sì jù.

Nínú ìmọ̀ òwò, ta ni wọ́n fi wé ta ni?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀mù lọ sí ọjà Atákúnmọ̀sà ní Iléṣà láti mọ̀ bóyá owó èlé ń ran oníṣòwò lọ́wọ́. Ó lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àwọn tó yá owó sì sọ fún un pé ọjà àwọn ti gbòòrò. Gbogbo wọn lè sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó èlé gbé mì, tó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, kò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà láti kún fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó láyà láti yá owó lè ti jẹ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà tẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí kan fi ń lo ìbò. Ètò YouWiN! tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láti fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò lówó jẹ́ àpẹẹrẹ kan láti ilé wa. Àwọn tó kọ̀wé béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000, àwọn tó gba owó sì jẹ́ 1,200. Wọ́n fi ìbò mú púpọ̀ nínú wọn láàárín àwọn tó tóótun. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, David McKenzie, wá fi àwọn tí ìbò mú wé àwọn tí ìbò fi sílẹ̀, nínú ìwádìí tó jáde ní 2017. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òwò àwọn tó gba owó ló ṣeé ṣe jù kó ṣì wà lórí ìdúró, òun náà ló sì ṣeé ṣe jù kó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ yóò fi kún un pé nǹkan bí 50,000 dọ́là ni owó tí ẹnì kan gbà, pé ẹ̀bùn ni kì í ṣe èlé, nítorí náà a kò lè fi èsì yìí ti ẹni tó ń yáni ní ₦50,000 lẹ́yìn. Lórí owó èlé kékeré gan-an, ìwádìí mẹ́fà tí wọ́n fi ìbò ṣe ní Bosnia, Ethiopia, Íńdíà, Mẹ́síkò, Mongolia àti Mòrókò jáde pọ̀ ní 2015. Àwọn tó gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀ rí i pé owó náà ń ṣe àǹfààní díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ tálákà di olówó gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń kéde.

Bí ìwádìí bá ti jáde, ṣé wọ́n ṣì lè fà á padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2020, jọ́nà Lancet tẹ ìwádìí kan tó ní òun wo aláìsàn kòrónà 96,032 ní ilé ìwòsàn 671, tó sì sọ pé oògùn hydroxychloroquine léwu. Àjọ ìlera àgbáyé dá ìdánwò tirẹ̀ lórí oògùn náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ béèrè fún àkọsílẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó pèsè rẹ̀ kò gbé e sílẹ̀, wọ́n sì fa ìwádìí náà padà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 13 péré ni, ó sì ti yí ìtọ́jú padà káàkiri ayé. Ní ti ìmọ̀ òwò, ìwádìí ọdún 2012 kan tó sọ pé bí ènìyàn bá buwọ́ lùwé lókè fọ́ọ̀mù kó tó kún un, òótọ́ ni yóò kọ, wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n fà á padà ní 2021 lẹ́yìn tí ìkànnì Data Colada fi hàn pé iye máìlì ọkọ̀ àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ adójútòfò tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ ti gidi.

Ní 2023 nìkan, ìwádìí tí wọ́n fà padà káàkiri ayé lé ní 10,000, èyí tó lé ní 8,000 nínú wọn sì ti ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo jáde, Hindawi. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Níbi tí ìgbéga olùkọ́ yunifásítì bá ti dá lórí iye ìwádìí tó tẹ̀, ẹni tó ń ta àyè nínú jọ́nà yóò rí oníbàárà. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan, John Bohannon, kọ ìwádìí èké kan tí àléébù rẹ̀ hàn gbangba, ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304; 157 nínú wọn ló gbà á. Ó tún kù síbì kan: ìwádìí tí wọ́n ti fà padà kì í kúrò nínú orí kejì àwọn tó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ Retraction Watch, tó to àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fà padà jọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, wà fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé kan wò kó tó tọ́ka sí i.

Ìṣòro tó dé kẹ́yìn ni ti ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ (AI). Ó lè to orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti àkọlé jọ lọ́nà tó jọ òótọ́, kí ìwé náà má sì sí níbì kankan. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ju kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìwé náà rí, kó sì kà á.

Nígbà náà, ìwádìí Ifẹ̀ lórí èdè Yorùbá ńkọ́?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Ẹgbẹ́ ìfiwéra fi Yorùbá kọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mẹ́ta tó kù, bí àṣà ti rí nígbà náà. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun lédè Yorùbá fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Ní ìparí, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ nínú púpọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì wọ́n wọn.

Ìwádìí yìí lágbára nítorí pé ó ní ẹgbẹ́ ìfiwéra, ó sì pẹ́ tó láti rí ọmọ dàgbà. Ìbéèrè tí àwọn olùyẹ̀wò ń bi í ni pé èwo ló ṣiṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n yí padà: ṣé èdè ni, àbí ìwé tuntun, àbí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó já fáfá, àbí akitiyan olùkọ́ tó mọ̀ pé yunifásítì ń wo òun? Àwọn tó fara mọ́ èdè abínibí dáhùn pé ètò kan náà ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí bí a ṣe fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ìṣirò láìkọ ìwé ìṣirò ní Yorùbá. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwé tàbí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè retí èsì Ifẹ̀. Wọ́n tún béèrè ohun tí olùkọ́ yóò ṣe ní kíláàsì tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹ̀bìrà jọ wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan náà yẹ ẹ̀rí ìjọba wò. Èsì ìdánwò láti agbègbè kan sí òmíràn kò ní ẹgbẹ́ ìfiwéra, nítorí àwọn agbègbè náà yàtọ̀ síra nínú iye olùkọ́, òṣì, ààbò àti iye ọmọ tó ń dé ilé ẹ̀kọ́, kí a tó dé orí èdè. Àwọn tó gbè sẹ́yìn mínísítà ní lílo èdè abínibí ti pẹ́ ju 2022 lọ, pé ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1977 ti fi àyè gbà á ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó ń ṣe WAEC lónìí lè ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó takò wọ́n ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìlànà yẹn, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì tẹ̀ lé e, pé ìlànà ọlọ́dún mẹ́fà gan-an ni a ń dá lẹ́jọ́ láìtíì dán an wò. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìyẹn sáà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìfọwọ́sí náà, wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí wọ́n fagi lé e. Ọdún 2035 ni yóò tó jókòó ṣe WAEC.